Jẹ̀díjẹ̀dí Kọ́ Ló Pa Bàbá Tíṣà

Orí bẹ́ǹṣì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá wà nínú yàrá, wọ́n ń fa omi sí wọn lára. Dókítà Táíyé jáde wá, ó jókòó ti Màmá Ìjàrẹ́, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Kí ló pa ìyá tó bí ẹ̀yin àti Bàbá?"

Màmá ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí ni."

"Ẹ̀gbọ́n yín tó kú sí Ìlú-Àbò ńkọ́?"

"Bọ̀ọ̀dá Adédèjì? Jẹ̀díjẹ̀dí náà ni. Tiwọn ló kàn le jù."

"Ìyá tó bí ìyá yín ńkọ́, Màmá?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ẹ̀yin náà ẹ̀! Ohun tó máa ń mú wa nílé wa nìyẹn. A fẹ́ràn ohun dídùn jù ni."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, mo wò ó. Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Ohun tí ilé wa ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí láti ìran dé ìran, jẹjẹrẹ inú ìfun ńlá ni. Ó ti ń jẹ wá bọ̀ láti ayé ìyá ìyá wọn, àgbo la sì ń bu fún un.

Ẹ kú àìsùn o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo kí Màmá Tolúwalọpẹ́, ìyàwó Bàbá, tí ojú wọn kò gbẹ láti òwúrọ̀. Mo kí Bàbá Ọlọ́runníyì, olórí ẹbí wa. Mo kí àlùfáà àti ẹ̀yin ọmọ ìjọ. Mo kí ẹ̀yin tíṣà tí ẹ bá Bàbá di ṣọ́ọ̀kì mú, ẹ̀yin tí ẹ ti Àkúrẹ́ gba ojú ọ̀nà Ọ̀wẹ̀nà wá nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ fi irú ẹ̀ gbà á.

Ẹ̀bùnolúwa ni wọ́n ń pè mí, ọmọ Ìyábọ̀dé, àbúrò Bàbá tó wà ní Kánádà. Kánádà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti kàwé. Bí ahọ́n mi bá kọsẹ̀ lálẹ́ yìí, ẹ bá mi gbé e dìde. Ẹ̀gbọ́n Iredélé, mo gbọ́ o! Ẹ ní òyìnbó ti gba gbohùngbohùn. Òyìnbó náà ti gbà á, kò sì ní tètè fi sílẹ̀.

Bàbá Ọlọ́runníyì pè mí kí a tó jókòó, wọ́n ní, "Ẹ̀bùn, sọ pé èèyàn rere ni Bàbá rẹ, dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, kí o jókòó." Gbogbo yín ẹ ti rí ohun tó wà lára pátákó àwòrán Bàbá lẹ́nu ọ̀nà: "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́." Bàbá Ọlọ́runníyì, ẹ̀yin lẹ ni mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọjá àṣẹ yín lẹ́ẹ̀kan péré. Torí pé ẹnì kan wà láàárín wa níbí, ẹ̀jẹ̀ Bàbá gan-an, tó wà láàyè, tó jẹun ọ̀sán lónìí, tó sì ń rí ohun tí Bàbá rí kí wọ́n tó kú. Ẹni náà ni mo dìde nítorí rẹ̀. Òkú ti sùn. Alààyè ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Bàbá jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ wọ́n dáadáa.

Johnson Olúrántí Adébùsóyè. Bàbá Tíṣà. Ọmọ Oǹdó Ẹ̀kìmògún. Ìṣirò ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ni ní Ìlú-Àbò, bàbá ọmọbìnrin kan mú un kúrò nílé ìwé, ó ní kó wá máa ṣa kòkó. Bàbá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí oko náà. Wọn kò bá ọkùnrin náà jà. Wọ́n kí i, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kòkó. Ó ní, "Tíṣà, kí lẹ ń ṣe?" Wọ́n ní, "Ọmọ yín ń bọ̀ ní kíláàsì mi lọ́la, mo wá bá a ṣe tirẹ̀ sílẹ̀ ni." Ọmọbìnrin yẹn ti di tíṣà. Ó jókòó lọ́hùn-ún yẹn, ó ń nu ojú.

Olóríkunkun ni Bàbá. Ẹ kò gbọdọ̀ purọ́ lórí òkú, olóríkunkun ni wọ́n! Nígbà tí mo ní kí wọ́n máa kọ́ mi ní Yorùbá lórí fóònù, wọ́n gbà, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ òyìnbó kan bá jábọ́ lẹ́nu mi báyìí, wọ́n á ní, "Ẹni tí o ń pè kò sí nílé," wọ́n á sì gé fóònù. Mo ń pè láti inú òjò dídì, ọwọ́ mi ti kú, wọ́n ń gé e mọ́ mi létí! N óò tún pè. Wọ́n á ní, "Ta nìyẹn?" bí ẹni pé a kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Báyìí ni mo ṣe gbọ́ èdè tí mo ń sọ fún yín yìí. Gbogbo gbólóhùn inú rẹ̀, ẹnu Bàbá ló ti jáde.

Oríkunkun yẹn náà ni wọ́n mú lọ bá ẹ̀jẹ̀.

Ẹ má fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ ni mo wí. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá kan tó ń ta àgbo ní Yàbá ti Oǹdó níbí wo ojú wọn, ó ní, "Tíṣà, jẹ̀dí ni. Ẹ fi ṣúgà sílẹ̀." Bàbá Tíṣà fi ṣúgà sílẹ̀ bí ẹni fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n lé ṣúgà kúrò nílé pátápátá. Àlejò tó bá béèrè ṣúgà sí gààrí, ìwàásù ló máa kọ́kọ́ jẹ. Àgbo wọn wà nínú ike omi, wọ́n ń gbé e lọ síbi gbogbo, títí kan ìpàdé ìjọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dá fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó ti gbọ́ràn." Bí ó bá tún dé, wọ́n á ní ata ni, àbí ẹ̀wà, àbí àkàrà tí wọ́n jẹ nílé òkú. Ohun gbogbo ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, àyàfi ẹni tó jẹ̀bi. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo padà wálé láti wá ṣiṣẹ́ ní yunifásítì ní Àkúrẹ́. Ẹ̀yin kan ń béèrè iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi èdè ilé sọ ọ́.

Ilé ìwòsàn tí à ń bá ṣiṣẹ́ ní kámẹ́rà kan, ó gùn bí okùn, ìdí ni wọ́n ń gbà tì í wọlé láti fi wo inú ìfun ńlá. Ẹyọ kan ni. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e, jẹnẹrétọ̀ náà kì í sì í fi ìgbà gbogbo rí epo mu. Dókítà tó mọ̀ ọ́n lò kò ju Dókítà Táíyé lọ mọ́, àwọn yòókù ti sọdá òkun. Àwọn tó fẹ́ wò ó sì pọ̀ lọ súà. Ta ni kó kọ́kọ́ wọlé? Ìyẹn ni a ṣe gbé ẹ̀rọ kan wá, ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí àwọn ọmọ yín ń pè ní AI lórí fóònù. Kì í ṣe àǹjọ̀nnú. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n fi ìtàn àwọn aláìsàn tó pọ̀ bí eṣú hàn án: lágbájá rí ẹ̀jẹ̀, tàmẹ̀dù rù, ìyá ti èyí ló ní in rí, títí ó fi dá ẹni tí ewu ń bọ̀ wá bá mọ̀. Wọ́n á bi aláìsàn ní ìbéèrè, ẹ̀rọ á gbọ́ èsì, á sì tò wọ́n: ìwọ ṣíwájú, ìwọ tẹ̀lé e. Bí kámẹ́rà bá sì ti wọlé, yóò bá dókítà wò ó. Bí ó bá rí kókó kékeré tó lè di jẹjẹrẹ lọ́la, yóò fa ìlà yí i ká kí ojú dókítà má baà fò ó. Irú kókó bẹ́ẹ̀, wọ́n lè já a kúrò lójú ẹsẹ̀, bí ẹni fa èpò tu kí ó tó so.

Mo bẹ Bàbá títí kí wọ́n wá. Wọ́n ní, "Kámẹ́rà láti ìdí? Ẹni tó bá fẹ́ ya mí ní fọ́tò, kó gba iwájú wá." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn máa wá, "kì í ṣe torí àìsàn kankan o, torí kí n rí ohun tí ọmọ mi lọ kọ́ ní Kánádà."

Wọ́n wọ ṣòkòtò tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn Ọjọ́ Àjíǹde. Nọ́ọ̀sì Goodness gbé kọ̀ǹpútà sí orí itan, ó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ máa ń rí ẹ̀jẹ̀ bí ẹ bá lọ yàgbẹ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó ti pẹ́ lára mi. Àwa méjèèjì ti mọwọ́ ara wa."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó tẹ jẹ̀díjẹ̀dí sínú ẹ̀rọ.

"Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ti ní jẹjẹrẹ rí?"

Bàbá fò dìde lórí àga. "Olúwa má jẹ̀ẹ́! Nínú ẹbí Adébùsóyè? Ọmọbìnrin, kọ ọ́ sílẹ̀: kò sí, kò sì ní sí láéláé."

Nọ́ọ̀sì ní, "Àmín, Bàbá." Ó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rọ gba ohun tí a fún un. Ó to Bàbá sí ẹ̀yìn. Inú Bàbá dùn pé ẹ̀rọ òyìnbó pàápàá jẹ́rìí pé ara àwọn le. Wọ́n ra ẹ̀pà lọ́nà, wọ́n padà sí Oǹdó.

Òjò ọdún yẹn rọ̀, ó sì dá. Ọyẹ́ dé. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ẹ̀yin náà rí i. Ṣùgbọ́n ta ni kò rù ní ọdún yẹn? Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀wù wá tóbi mọ́ gbogbo wa lára. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wọn ń bá wọn ṣàwàdà, "Tíṣà, owó ìfẹ̀yìntì ti fà yín gbẹ," wọ́n sì ń dá yín lóhùn pé, "Ẹ̀yin náà ẹ wo ọrùn yín." Nígbà tí ebi ń jẹ gbogbo ìlú, báwo ni a ṣe máa mọ ẹni tí àrùn ń jẹ? Ìyà ọdún yẹn bo àìsàn Bàbá mọ́lẹ̀ bí ewé ṣe ń bo ọ̀fìn.

Ìgbà tí ó kàn wọ́n láti wọlé, wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń fọ ìfun mọ́. Wọ́n pè mí láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ̀bùn, gbogbo ohun tí mo ti jẹ láti ọjọ́ tí Nàìjíríà ti gba òmìnira ló ń bá mi jáde yìí." Ìyẹn ni àwàdà tó kẹ́yìn tí wọ́n ṣe tí mo lè rẹ́rìn-ín sí.

Mo wà nínú yàrá náà. Kámẹ́rà wọlé, àwòrán hàn. Ẹ̀rọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà bí a ṣe kọ́ ọ. Ó fa ọ̀kan, ó fa òmíràn, ó ń fà á lọ, títí ìlà fi bo ojú àwòrán. Dókítà Táíyé ní, "Ẹ bá mi pa nǹkan yìí. Èyí tí afọ́jú lè rí ni." Wọ́n pa á. Jẹjẹrẹ ti dí ojú ọ̀nà ìfun pa; àyẹ̀wò mìíràn sì fi hàn pé ó ti dé ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni a jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo sọ fún yín.

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo lọ bi ara mi léèrè: ẹ̀rọ tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe ti Bàbá mi sẹ́yìn? Mo wò ó títí. Ẹ gbọ́. Níbi tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀rọ yìí lókè òkun, bí èèyàn bá ní jẹ̀díjẹ̀dí lòun ní, dókítà ló ti fi ojú rí i. Ní tiwa, ìyá alágbo ló sọ bẹ́ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kò wo ibì kankan. Níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ, bí èèyàn bá ní kò sí jẹjẹrẹ nínú ẹbí òun, ó ti béèrè, wọ́n sì ti dá a lóhùn. Ní tiwa, a ti sin ín pẹ̀lú òkú, a ti fi orúkọ mìíràn bò ó, a ti kọ "àìsàn ránpẹ́" lé e lórí. Ẹ̀rọ náà kò tíì gbé ní Oǹdó rí. Kò mọ̀ pé bí a bá ní "kò sí," àdúrà là ń gbà. Ó gbà wá gbọ́. Ohun tó ṣe ò ju ìyẹn lọ. Ó gbà wá gbọ́.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá lórí ibùsùn. Mo rò pé wọ́n á bínú.

Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀rọ yín ló purọ́?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá."

"Ṣé èmi ni mo purọ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìrọ̀rí wọn ṣe.

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ kò mọ ìbéèrè í béèrè. Bí tíṣà bá béèrè ìbéèrè, tí odindi kíláàsì kùnà, tíṣà ló kùnà. Mú àga wá." Inú ìrora yẹn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. "Ẹ má bi wá bóyá a ní jẹjẹrẹ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pè é wọlé. Ẹ bi wá pé, kí ni wọ́n ní ó pa ìyá yín? Kí ni wọ́n ní ó pa ẹ̀gbọ́n yín? Bí ẹni náà bá ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹ bi í pé, ta ló wò ó? Ojú ni ó fi wò ó, àbí ẹnu?"

Ìbéèrè Bàbá ni ẹ̀rọ wa ń béèrè báyìí, ẹ̀yin èèyàn wa. A tún un kọ́. Ẹni tó bá ní jẹ̀díjẹ̀dí tí dókítà kò wò, iwájú ló ń tò ó sí. Àgbẹ̀ kan wá láti Ọ̀bà-Ilé, ó ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ bí Bàbá ṣe sọ̀rọ̀, ó ní jẹ̀dí ló pa bàbá òun, jẹ̀dí ló pa àǹtí òun, jẹ̀dí náà ló ń bá òun fínra. Ẹ̀rọ gbé e ṣíwájú gbogbo èrò. Kókó kékeré ni wọ́n bá. Wọ́n já a. Ó ti padà sí ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Kò mọ Bàbá Tíṣà rí, kò sì mọ̀ pé a ń ṣe àìsùn wọn lálẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í rìn wọlé tọ èèyàn. Ẹni tí kò bá wá, kò lè rí i.

Nígbà tí ohùn Bàbá ti ń lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Lọ sọ fún àwọn ọmọ ìyá mi àti àwọn ọmọ wọn. Má jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu bò mí mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi yẹ̀pẹ̀ bò mí." Ohun tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́ yìí. Mo jẹ́ ẹ ní ìpàdé ẹbí. Bàbá Ọlọ́runníyì ní, "Ẹ̀bùn, o kò mọ ilé ayé. Bí ọmọ wa bá fẹ́ gbéyàwó, bí ọmọbìnrin wa bá fẹ́ wọ ilé ọkọ, wọ́n máa ń wádìí. Wọ́n á bi aládùúgbò, wọ́n á bi ọlọ́jà: àrùn wo ló wà nílé wọn? O fẹ́ gun orí àpótí lọ pariwo rẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Bàbá Ọlọ́runníyì, ẹ má bínú. N kò bá yín jiyàn pé wọ́n ń wádìí. Wọ́n ń wádìí. Ṣùgbọ́n ilé wo ni wọ́n wádìí ní Oǹdó yìí tí wọ́n bá ikú tó fi orúkọ ara rẹ̀ kú? Àìsàn ránpẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí, inú rírun, iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Gbogbo ilé ló mọ́ tónítóní nínú ìwádìí, gbogbo ilé ló ń sìnkú. Ẹ ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀gbọ́n yín kú, ìyá yín kú, Bàbá sùn sínú pósí yìí. Ikú ti yá tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀sín díẹ̀ wò.

Ẹ má kùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí. Mo ti fẹ́ parí.

Ní ọ̀sán òní, mo wà lẹ́yìn ilé níbi tí wọ́n ti ń bẹ iṣu. Ẹnì kan nínú ẹ̀jẹ̀ Bàbá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò ní sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Wọ́n ní, "Ẹ̀bùn. Ẹ̀jẹ̀ ti Bàbá rẹ yẹn, báwo ló ṣe rí?"

Mo ní, "Nígbà mìíràn pupa, nígbà mìíràn ó dúdú. Kí ló dé?"

Wọ́n wo ilẹ̀. "Ṣé inú ń lọ́ wọn?"

"Ó ń lọ́ wọn. Kí ló dé?"

"Kò sí. Ti èmi ṣáà ni mò ń wò."

Mo gbé ọ̀bẹ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí Àkúrẹ́. Èmi ni n óò wa ọkọ̀ gbé yín lọ. N óò dúró tì yín."

"Jẹ́ ká sìnkú ná."

"Bí a bá sìnkú tán ńkọ́?"

"Bí a bá sìnkú tán, a ó rí i." Wọ́n wá sọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ mọ̀. N kò lè sọ ìdí náà níbí, torí bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n fi Bàbá tó sùn búra pé n kò ní dárúkọ wọn. Mo búra. Wọ́n nu ojú, wọ́n padà sídìí iṣu. Wọ́n wà níbí. Wọ́n ń gbọ́ mi. Bóyá wọ́n ti ń bínú sí mi.

Bàbá Tíṣà, ẹ dìde kí n kí yín, nítorí ìjọ ti fẹ́ kọrin.

Ẹ máa lọ o, ọmọ Adébùsóyè. Ẹ̀yin tí ẹ fi kẹ̀kẹ́ wá ọmọ lọ sínú oko. Ẹ má wo ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí ẹ ń lọ kò ní kòtò, kò nílò epo. Kí ẹnikẹ́ni má fi àgbo lọ̀ yín níbẹ̀. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá yín, ẹ kí wọn, kí ẹ sì fi sùúrù sọ fún wọn ohun tó pa wọ́n, torí mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń bínú sí ṣúgà. Bí ẹ bá rí Bọ̀ọ̀dá Adédèjì, ẹ ní a ti mọ̀ báyìí. Ẹ ní ó pẹ́ kí a tó mọ̀, ẹ ní kí wọ́n má bínú. Ó dìgbóṣe, olùkọ́ mi. Ó di ojú àlá. Bí n bá tún pe fóònù yín, tí ẹ̀rọ bá dá mi lóhùn pé ẹni tí mò ń pè kò sí, n óò gbà pé òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀yin àgbà Oǹdó, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ̀yin ni mo kù sí lọ́wọ́. Àwọn baba wa ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Mo ti sọ. Wọ́n kọ̀. Mo sì ti fi òkú búra. Bí mo bá dárúkọ, mo di ọmọ tó tú àgbà sí ìhòòhò láàárín ọjà, bóyá wọn kò sì ní lọ síbì kankan mọ́, títí kan ilé ìwòsàn. Bí mo bá dákẹ́, irú ibi báyìí náà ni a ó tún ti pàdé, lábẹ́ kánópì, pẹ̀lú pátákó mìíràn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ tí mo mọ̀ ọ́n kọ́ kò lè bá mi yan èyí. Ẹni tó ń kọ́ mi lédè ló sùn síbí, kò sì tíì kọ́ mi dé ibi tí ọmọdé ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ àgbà rí, tó kọ̀, tí ẹ tún bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà: gbólóhùn wo lẹ kọ́kọ́ sọ? Ta lẹ mú dání lọ? Àárọ̀ ọ̀la ni a ó sìnkú, n kò sì fẹ́ kí ẹni náà sùn di ọ̀túnla kí n tó tún lọ bá wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tú ká, ẹ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ kọ́ mi ní ohun tí n óò wí.